Tábìlì Méjì: Ọmọ Bangkok àti Ọmọ Ọ̀yọ́

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀, Sékọnà, nítòsí Ẹdẹ, ni mo fi ṣe ilé, ọ̀rọ̀ eré ni mo sì gbé wá lónìí. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù. A ti sọ ti bọ́ọ̀lù títí, ẹnu ti ń kan. Eré orí tábìlì ni.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀, tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. James Wattana ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ Thailand ni, ìlú Bangkok ni wọ́n bí i sí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Sínúkà ló fi ń jẹun.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín ẹlòmíràn láti ibi tí mo jókòó sí. Sínúkà kẹ̀? Èyí tí àwọn ọmọ ń gbá níwájú ilé ọtí? Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Tábìlì tó wà ní oríta wa kéré púpọ̀ sí ti Wattana. Tiwọn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ tó 6, bọ́ọ̀lù 22 ló sì wà lórí rẹ̀: funfun kan, pupa 15, àti aláwọ̀ mẹ́fà tí àmì wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí 2 títí dé orí 7. Bí o bá gbá pupa kan wọ ihò, àmì kan ni, wàá sì láǹfààní láti gbá aláwọ̀ kan tẹ̀lé e. Dúdú ló níye lórí jù nínú wọn. Ẹni tó bá lè kó gbogbo pupa 15 wọlé, tó ń fi dúdú ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́yìn, tó wá kó àwọn aláwọ̀ mẹ́fà tó kù nílẹ̀ tán láìtàsé lẹ́ẹ̀kan, àmì 147 ni yóò ní. Kò sí bí o ṣe lè gbá a tí yóò ju ìyẹn lọ àyàfi tí ẹni tí ẹ jọ ń gbá a bá kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe fún ọ. Àwọn òṣèré ńlá wà tí wọn kò rí i ṣe lójú ìdíje títí wọ́n fi gbé ọ̀pá sílẹ̀. Wattana ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni mo fẹ́ sọ. Ọdún 1992 ni, nínú ìdíje British Open, Tony Drago ọmọ Malta ni wọ́n fi kò ó. Ìṣẹ́jú méje àti díẹ̀ ló fi kó 147 yẹn tán, kò sì sí ẹni tó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ lójú ìdíje nígbà náà. Láàárín ìdíje yìí kan náà ni ìròyìn dé láti Bangkok pé wọ́n ti yìnbọn lu bàbá rẹ̀. Bàbá náà kú. Ọmọ ọdún 22 péré ni, ó wà nílẹ̀ òkèèrè, ìdíje kò sì tíì parí. Ó gbá a títí ó fi dé àṣekágbá, ibẹ̀ ni Jimmy White ti fi 10 sí 7 borí rẹ̀. Èmi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń rí ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó bá gbọ̀n díẹ̀ báyìí, bọ́ọ̀lù ti lọ nìyẹn.

Báwo ni ọmọ Bangkok ṣe dé ibẹ̀? Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ni sínúkà nígbà náà. Àwọn ọ̀gágun òyìnbó tó wà ní Íńdíà ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1875, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó lórúkọ nínú rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Wales, ọmọ Scotland, ọmọ Ireland ni, kí á tó wá fi ará Kánádà àti Ọsirélíà díẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn sínúkà wà ní Bangkok, ìyá Wattana ló sì ń bójú tó ọ̀kan nínú wọn. Ibẹ̀ lọmọ ti fọwọ́ kan ọ̀pá. Lọ́dún 1986, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, wọ́n pe àwọn àgbà òyìnbó wá sí ìdíje kan ní Bangkok. Ó na Dennis Taylor. Ó na Terry Griffiths. Ó na Steve Davis. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ti gba ife àgbáyé rí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì fi eré náà ṣiṣẹ́ ṣe, ní ìlú Sydney. Lọ́dún 1989 ó fi í ṣiṣẹ́ ṣe, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n gbé ìdíje ńlá Asian Open wá sí Bangkok. Ó dé àṣekágbá lójú àwọn ará ilé rẹ̀, Stephen Hendry ló na án.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń gba ife: Strachan Open lọ́dún 1992, Thailand Open lọ́dún 1994, tó fi na Steve Davis ní àṣekágbá, àti Thailand Open ti 1995, tó fi na Ronnie O'Sullivan. Ó dé ipò kẹta lágbàáyé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje àgbáyé, 1993 àti 1997. Kò gba ife àgbáyé rí. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn àlọ́ ni mò ń pa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí nìyí. Ní Thailand, eré yìí ló ń san owó ilé ara rẹ̀. Ẹni tó ní gbọ̀ngàn ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá a, owó yẹn ló fi ń san iná, ló fi ń pààrọ̀ aṣọ orí tábìlì, ló fi ń jẹun. Ìyá tó ń bójú tó gbọ̀ngàn kò ṣe ọmọ lóore lásán. Iṣẹ́ ló ń ṣe, ọmọ sì wà nídìí iṣẹ́. Nígbà tí Wattana wá di ìràwọ̀, àwọn gbọ̀ngàn ti wà nílẹ̀ tí yóò gba àwọn tó fẹ́ dà bíi rẹ̀. Ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Thepchaiya Un-Nooh gba ife Shoot Out lọ́dún 2019, ọ̀kan nínú àwọn tí ọwọ́ wọn yá jù lórí tábìlì láyé ni. Nutcharut Wongharuthai gba ife àgbáyé àwọn obìnrin lọ́dún 2022. Nígbà tó di 2023, ọmọ Thailand mìíràn, Baipat Siripaporn, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin méjì, ọdún méjì tó tẹ̀lé ara wọn, láti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo.

Ó dáa. Ta wá ni tiwa?

Tiwa kò sí lórí tábìlì oníhò. Ó wà lórí tábìlì aláwọ̀n. Tébù tẹ́nìsì.

Oṣù kẹjọ ọdún 2016, ìlú Rio de Janeiro ní Brazil, ìdíje Òlíḿpíìkì. Timo Boll ló gbé àsíá Jámánì wọlé lọ́jọ́ ìṣíde. Nínú gbogbo eléré tí Jámánì kó wá, àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn tó ń gẹṣin, òun ni wọ́n yàn. Ó ti wà ní ipò kìíní lágbàáyé rí. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ẹyin (bọ́ọ̀lù eré náà) tó bá sì gbá máa ń yí débi pé tí o bá kàn fi báàtì rẹ gbà á bẹ́ẹ̀, ìta ni yóò gbà lọ.

Ẹni tó dúró sí òdìkejì àwọ̀n ni Àrúnà Quadri, ọmọ bíbí ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ń pé ọmọ ọdún 28. Kó tó kan Boll, ó ti fi sẹ́ẹ̀tì 4 sí òdo gbá Chuang Chih-yuan ti Taiwan dànù, ẹni tó ṣe ipò kẹrin ní Òlíḿpíìkì London lọ́dún 2012. Àwọn ènìyàn sọ pé oríire ni. Boll ni yóò tún nǹkan ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Àrúnà rí, ẹ mọ bó ṣe ń gbá a. Kì í gbá a bí àwọn ará Ṣáínà, tí ọwọ́ wọn ń lọ tó ń bọ̀ ṣókí-ṣókí nítòsí tábìlì. Òun a sún sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a lọ jìnnà sẹ́yìn títí dé ẹ̀gbẹ́ orúnkún, bí ẹni tó fẹ́ fi òkò já máńgòrò, ara rẹ̀ a yí, ẹyin a sì wá láti ibi tí ẹni tó ń bá a gbá kò fojú sí. Bí ó bá wọlé, a pariwo. Àwọn olùkọ́ni kan lè sọ pé kò dára láti máa gba ọ̀nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀ lọ bá ẹyin kékeré. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ gbogbo ayé rẹ̀ láti dojú kọ ọwọ́ ṣókí-ṣókí, irú ọwọ́ yìí máa ń dà á lójú rú. Sẹ́ẹ̀tì 4 sí 2 ló fi na Boll. Kò tíì sí ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú ìdíje àdákọ Òlíḿpíìkì ṣáájú rẹ̀.

Ní ìpele yẹn, Ma Long ti Ṣáínà ló pàdé. Òdo sí 4. Ma Long yẹn náà ló gba góòlù. Kò sí ohun tí a lè fi ṣe àwáwí níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ju gbogbo wọn lọ lákòókò náà.

Kì í ṣe Rio ni Àrúnà ti kọ́kọ́ fara hàn. Ó ti dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú ìdíje World Cup ní Düsseldorf lọ́dún 2014. Ó gba fàdákà nínú eré Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Gold Coast lọ́dún 2018, Gao Ning ti Singapore ló gba góòlù mọ́ ọn lọ́wọ́. Lóṣù kọkànlá ọdún 2021, nínú ìdíje àgbáyé ní Houston ní Amẹ́ríkà, ó tún dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ, Truls Möregårdh ọmọ Sweden ló dá a dúró, ọmọkùnrin tí ó sì dé àṣekágbá. Nígbà tó di ọdún 2022, orúkọ Àrúnà wọ ipò kẹwàá lágbàáyé. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó dé ibẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Ipò kẹta ni Wattana dé, ipò kẹwàá ni Àrúnà dé. Ẹ máa fi wọ́n wéra lójú ara yín. Lójú tèmi, iṣẹ́ Àrúnà ló le jù, nítorí pé Ṣáínà tó ni tébù tẹ́nìsì kì í ṣe ìlú Gẹ̀ẹ́sì tó ni sínúkà. Àwọn ọmọ Ṣáínà tí kò rí ààyè nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wọn ló fọ́n ká gbogbo ayé, tí wọ́n ń gbá a fún orílẹ̀-èdè míràn. Nígbà yẹn, tí o bá na ará Singapore, ọmọ Ṣáínà lo sábà máa ń nà. Tí o bá na àwọn kan ní Yúróòpù, ọmọ Ṣáínà náà ni.

Ẹ má sì rò pé Àrúnà ṣàdédé hù jáde bí olú. Àtàńdá Músá ti wà ṣáájú. Àwọn tí irun wọn ti ń funfun bíi tèmi yóò rántí orúkọ yẹn. Ní àwọn ọdún 1980, bí a bá dárúkọ tébù tẹ́nìsì ní Nàìjíríà, òun la dárúkọ. Ó gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ó sì wà ní Seoul lọ́dún 1988 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi tébù tẹ́nìsì kún Òlíḿpíìkì. Láyé tiẹ̀, orí 21 ni sẹ́ẹ̀tì kan ń dé. Ọdún 2001 ni wọ́n gé e kù sí 11. Èmi gbà pé gígé yẹn ṣe àwọn tiwa lóore. Nínú orí 21, àgbà òṣèré a ní àyè láti mí, láti wo ibi tí o kù sí, kó tó fìyà jẹ ọ́. Nínú orí 11, bí o bá fi iná bẹ̀rẹ̀, kó tó mọ̀, sẹ́ẹ̀tì ti tán.

Lẹ́yìn Músá ni Ṣẹ́gun Tòríọlá. Ó bẹ̀rẹ̀ Òlíḿpíìkì ní Barcelona lọ́dún 1992, ó lọ sí Atlanta, Sydney, Athens, Beijing, London, ó sì parí rẹ̀ ní Rio. Méje. Ó gba góòlù àdákọ nínú eré Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Manchester lọ́dún 2002, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi tébù tẹ́nìsì sínú eré náà. Fúnkẹ́ Òṣónáìkẹ́ náà ka méje, láti Atlanta 1996 dé Tokyo. Ní Rio yẹn, Tòríọlá àti Àrúnà jọ wà nínú ikọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan ń jáde lọ, èkejì ń wọlé bọ̀. Láti Seoul 1988 títí di òní, ní gbogbo Òlíḿpíìkì, ọmọ Nàìjíríà kan ti wà nídìí tábìlì.

Àmọ́, níbo ni gbogbo wọn ti ń jẹun? Níbí ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Tòríọlá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Fúnkẹ́ lọ sí Jámánì. Àtàńdá Músá kọjá sí Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Àrúnà lọ sí Potogí, ó gbá a fún Sporting, Sporting Lisbon tí Cristiano Ronaldo ti kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe gan-an ni, nítorí pé ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù nìkan. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí Jámánì, sí ẹgbẹ́ kan ní ìlú Fulda. Ẹ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà: TTC RhönSprudel Fulda-Maberzell. Bí ẹ bá ń wò ó pé kí ni RhönSprudel, omi inú ìgò ni. Ilé iṣẹ́ tó ń ta omi ló ń gbé owó kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú orúkọ ẹgbẹ́. Ní líìgì ti Jámánì, ọkùnrin mẹ́ta ló ń dúró fún ẹgbẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹta ló ni ọjọ́ náà. Àwọn ará àdúgbò a sanwó wọlé, a jókòó, a mu bíà wọn, a pàtẹ́wọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ nígbà náà, ó ń gbá ẹyin fún wọn, owó oṣù ń wọlé. Owó yìí ló mú kí ó lè fi gbogbo ọjọ́ kọ́ eré. Kì í ṣe owó ìdíje, torí owó ìdíje inú tébù tẹ́nìsì kò pọ̀ bí ẹ ṣe rò.

Ní ilé ńkọ́? Nílé, inú rere ló gbé eré yìí ró. Olóyè Mọ́ládé Òkóya-Thomas, tó jẹ́ Aṣojú Ọba ìlú Èkó, ló fi owó ara rẹ̀ ṣe ìdíje Asoju Oba Cup fún àìmọye ọdún, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣèré wa ti fara hàn nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ó ṣaláìsí lọ́dún 2015. Gbọ̀ngàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní pápá ìṣeré Teslim Balógun ní Sùúrùlérè, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò àwọn òṣèré àgbáyé nígbà ìdíje WTT Contender Lagos láti ọdún 2023. Baba ṣe é, ó kú ìnáwó. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni olóyè kan lè dá gbé? Èkó ló sì ti ń wáyé. Àwọn tó kù ń gbá a níbi tí ẹnìkan bá ti ṣàánú wọn: ilé ẹ̀kọ́, bárékè, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, orí pákó tí wọ́n fi bíríkì tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú àárín rẹ̀ fún àwọ̀n.

Ẹ wá wo Sékọnà wa. Tábìlì oníhò pọ̀ ní oríta. Ìjọba kò gbé e wá, olóyè kankan kò fi tọrẹ. Ẹni tó ní in ra á, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ àtíbàbà, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi ló ń san owó eré náà, ẹni tó borí á dúró de ẹni tó kàn. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣófo láti ọ̀sán títí di òru. Àwọn ọmọ kẹ̀kẹ́ tó ń dúró de èrò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọkọ̀ lọ sí Pólì tàbí Yunifásítì Ridíìmù ní Ẹdẹ, àwọn mẹkáníìkì, gbogbo wọn ló mọ ọ̀pá í dì mú. Mo ti rí ọmọ kan níbẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lu igi ẹ̀gbẹ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ ihò, tó sì ti sọ ihò tí yóò wọ̀ kó tó gbá a. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti gbá tébù tẹ́nìsì rí. Ó ní, "Bàbá, níbo ló wà?"

Ó wá yẹ kí ẹnìkan béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó ní tábìlì oníhò kò gbé ti aláwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó máa gbowó lórí méjèèjì. Èmi náà ti ronú sí i. Afẹ́fẹ́ ni. Bọ́ọ̀lù tábìlì oníhò wúwo, kò bìkítà fún afẹ́fẹ́, ẹ gbé e síwájú ìta, sí ẹ̀gbẹ́ títì, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹyin tébù tẹ́nìsì kò ju gíráàmù 2.7 lọ. Tí tírélà kan bá kọjá ní oríta wa, ẹyin ti wà lábẹ́ táyà rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Fáànù pàápàá, pípa ni wọ́n máa ń pa á. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣèré fi máa ń làágùn bí ẹni tó rẹ́ yàrá. Láti ọdún 2014 sì ni wọ́n ti sọ ẹyin ìdíje di oníke, kó tó pẹ́ ó ti sán, ẹ̀ ń ra òmíràn. Eré yìí ń fẹ́ ògiri, ó ń fẹ́ òrùlé, ó ń fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kì í yọ̀. Àtíbàbà kò lè gbé e. Ẹni tó bá fẹ́ fi í pawó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ilé. Lójú oníṣòwò oríta, ìyẹn kò tíì jọ òwò.

Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò ní ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Èyí tó lè bọ́ ara rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ wọn, òun ni wọ́n sì gbà. Tí a bá fẹ́ kí Àrúnà ní àrọ́pò, a óò ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é ní Bangkok: kí gbọ̀ngàn máa pa owó. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé kí ìjọba má ṣe é. Kí ìjọba ṣe é. Ṣùgbọ́n a ti ń dúró de ìjọba láti ìgbà Àtàńdá Músá.

Ní Paris lọ́dún 2024, Àrúnà jáde ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ Romania kan ló lé e sílé. Ara kì í ṣe irin, ó ti ń lọ sí ọdún 36 nígbà náà. Ẹni tó dé ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ fún Áfíríkà lọ́tẹ̀ yìí ni Omar Assar, ọmọ Íjíbítì, ẹni tí òun àti Àrúnà ti ń bá ara wọn fà á láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ní Áfíríkà, a kò dá wà mọ́ lórí òkè yẹn.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹnìkan wà láàárín yín tó ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Ẹdẹ tàbí Akọ́dà, tó ń ṣí i ní ọjọ́ Sátidé fún ìgbéyàwó, tí ó wá tì í pa láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Tábìlì kan gùn ní mítà 2.74, ó fẹ̀ ní mítà kan àti ààbọ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, gíga rẹ̀ kò tó mítà kan. Tábìlì òde òní ń ká, ó sì ní táyà lẹ́sẹ̀, ẹ lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kí àwọn alásè tó dé. Fún ìdíje àgbáyé, mítà 14 sí 7 ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún tábìlì kan, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ ṣe òfin kan náà bíi ti oríta: ẹni tó bá pàdánù ló ń sanwó. Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ ní Sékọnà, mo mọ ẹni tí màá kọ́kọ́ mú wá.